Bátìrì Tó Gba Bẹ́ẹ̀dì Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ níbi iṣẹ́, òun gan-an ni yóò ṣubú, kò sì ní rẹ́ni gbé e dìde. Àmín. Àwa náà wà, àfi ìyá rẹ tí kò sí nílé. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ó lè ti jókòó sí pálọ̀ rẹ, kó ti máa rojọ́ mi. Jọ̀ọ́, má tíì dá ẹjọ́ náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ fóònù ti kú. Mo rí i pé ebi iná ń pa á, bẹ́ẹ̀ bátìrì mọ́tò ṣì wà láàyè nígbà yẹn, ó yó bámúbámú, ni mo bá bó ìdí wáyà fóònù, mo so ó mọ́ orí bátìrì, pé kí ẹ̀gbọ́n bu oúnjẹ fún àbúrò. Èéfín kan báyìí ló rú, ó parí. Ojúkòkòrò ló pa fóònù yẹn.

Ọjọ́ tí o fi mọ́tò àlòkù náà ránṣẹ́, pé kí n máa fi gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, inú mi dùn débi pé mo jó. Dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi bátìrì hàn mí, ó ní òun ni ọkàn mọ́tò, òun náà sì ni olè máa ń kọ́kọ́ jí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá tú u, màá gbé e wọlé, màá sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí sìmẹ́ńtì tutù. Ìyá rẹ béèrè ibi tí òun yóò sùn sí. Mo ní ẹní wà ńlẹ̀, àti pé olè wo ló máa wá jí ìyá àgbà gbé?

Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi de bátìrì náà mọ́ ìjókòó rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi há ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó báyẹn, kí ló ṣe tí a óò fi dè é bí ọ̀daràn? Mo mú ìró tí o rà fún ìyá rẹ, mo ká a, mo fi ṣe tìmùtìmù fún bátìrì nínú mọ́tò. Nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ lásán ni mo fi ń fún un, kó má baà dùn ún.

O pè mí nígbà yẹn, o ní kí n máa kọ́kọ́ tú wáyà dúdú, kí pupa kẹ́yìn. Bí mo bá ń so wọ́n padà, kí pupa ṣáájú, kí dúdú kẹ́yìn. O tún ní kí n dè é dáadáa kó má máa mì. Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo gbọ́, mi ò kàn gbà ni. Àgbélébùú ni wọ́n yà sí orí pupa, mo fojú ara mi rí i; ìlà gbọọrọ kan lásán ló wà lórí dúdú. Ta ni dúdú tí yóò fi máa ṣáájú rẹ̀? Pupa ni mo ń kọ́kọ́ tú. Bí sípánà bá ṣèèṣì kan ara mọ́tò, iná á ṣẹ́ pàrà, inú mi á dùn pé agbára ń bẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ dókítà pé, a gbéra. A dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, mọ́tò fò sókè, bátìrì ṣubú kúrò lórí tìmùtìmù, orí pupa lọ kan irin. Ìyá rẹ tí kò ríran dáadáa ló kọ́kọ́ gbóòórùn, ó ní nǹkan ń jó. Mo ní imú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò pẹ́ náà ni èéfín bo gíláàsì. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i tó dùbúlẹ̀ tí omi rẹ̀ ń dà sórí ìró, ni mo bá ké pé, "Yéè, bátìrì mi!" Àwọn onílọ́rì kan ló da yanrìn pa iná náà. Àwọn náà ló rántí ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ, torí ìta nìkan ni ilẹ̀kùn ọ̀hún ti ń ṣí.

Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó gbọn aṣọ ara rẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ kọ́kọ́ pè?" Ó wọ lọ́rì, ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ òun lòun ń lọ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi? Ohun tó bá ń jó lèèyàn ń pè. Ìyá rẹ ò jó.

Ilé ti dákẹ́ jù. Mi ò mọ ibi tó ń kó iyọ̀ sí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Bátìrì tuntun ni màá kọ́kọ́ rà, má bínú, torí láìsí bátìrì, báwo ni mọ́tò ṣe máa gbé mi wá bẹ ìyá rẹ? Bó bá ṣẹ́ kù, màá ra ìró. Sọ fún un pé èyí tuntun ò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni màá máa lọ sùn tì í nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀dì á di tirẹ̀ nìkan, kí ló tún kù?

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Ọ̀nà rẹ á là, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Bá mi mú ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú níbẹ̀. Àmọ́ bí ojú náà bá ti ń là díẹ̀díẹ̀, tètè gbé e wá fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá ríran dáadáa tán, ó lè wá rí irú ẹni tó ti ń bá gbé látọjọ́ yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.