Ẹsẹ̀ Mi Ti Padà Sórí Máṣíìnì

                                        Yàrá Kejì Nísàlẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Arẹwà, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ìkọ́ṣẹ́,

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àgàgà ẹni tí mo fi oṣù díẹ̀ jù lọ lọ́jọ́ orí. Ká tó máa bá a lọ, ṣé àlàáfíà lo wà? Baba ilé ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti ń jẹ́ kó sùn? Ojú rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí àwọn ọmọ ló ṣì ń ka lẹ́tà mi sí ọ létí? Tó bá jẹ́ àwọn ni, kí wọ́n ka èyí sókè, kí wọ́n má fo ibì kankan.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n da oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn nù, kí n ta máṣíìnì ìránṣọ mi, kí n jókòó jẹ́ẹ́. O tún ní ẹni tí kò lè tẹ máṣíìnì mọ́, kí ló fẹ́ fi àlùmọ́gàjí ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju itan mi lọ.

Òótọ́ ni pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, kò pẹ́ tí itan fi ń ro mí bí ẹni tó ti ń gun òkè láti àárọ̀. Tí mo bá tẹ máṣíìnì díẹ̀, ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta. Èmi! Èmi tí ọ̀gá wa sọ ní Abẹ́rẹ́, nítorí mo tín-ín-rín, mi ò sì ṣeé gbé mì! Mo bá sọ fún gbogbo ilé pé máṣíìnì ló ń le. Mo ránṣẹ́ pe alátùnṣe. Ó tú u palẹ̀, ó da epo sí i, ó fọwọ́ kan ti pẹ́dà tí mo máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ń yí fẹẹrẹ. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá, ara máṣíìnì yìí yá ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn tó ń ṣàìsàn." Mo lé e jáde, ṣùgbọ́n mo sanwó rẹ̀. Èmi kì í jẹ gbèsè. Ìwọ mọ ara rẹ.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì tí mo ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wá gba aṣọ rẹ̀, tí mi ò tíì parí rẹ̀, ni ọwọ́ tẹ̀ mí. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ní máṣíìnì ló ń le, mo fẹ́ dìde kí n pa irọ́ náà lórí ìdúró, ni mo bá di ògiri mú. Ó ní, "Ìyá, ṣé máṣíìnì náà ló ń di ògiri mú?" Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa mí, mo bá sọ oògùn tí mò ń lò fún un. Ó ní oògùn náà máa ń mú kí iṣan ro àwọn mìíràn, pé kí n má ṣe dá a dúró fúnra mi, kí n lọ sọ ọ́ fún dókítà.

Mo wọ bàtà, mo lọ. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú, mo gba ọwọ́ mi. Dókítà bi mí bóyá ìtọ̀ mi ti dúdú, ó ní iṣan tí oògùn bá bà jẹ́ máa ń sọ ọ́ dúdú. Irú ìbéèrè wo nìyẹn! Mo dáhùn ṣá, mo ní rárá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kí n sinmi oògùn náà ná. Nígbà tí ìrora lọ, ó fún mi ní òmíràn tí kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Mò ń lò ó, ọ̀rá ń wálẹ̀, itan mi sì ti dákẹ́.

Ká ní o rí mi lánàá! Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lójú fèrèsé ni mo fi tẹ máṣíìnì. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ tuntun rẹ̀, ó ń yí kiri níwájú dígí mi, ó ní kò sẹ́ni tó ń rán ọrùn aṣọ bíi tèmi. Mo ní mo mọ̀.

Bá mi kí baba ilé. Kí àwọn ọmọ tó ń kàwé fún ọ, wọ́n ṣeun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àlùmọ́gàjí ńlá tí o yá lọ́wọ́ mi nígbà tí a parí ìkọ́ṣẹ́, o ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Mò ń tẹ máṣíìnì, mo sì ní aṣọ láti gé. Dá a padà.

Èmi náà ni, tìrẹ tí kò ṣeé gbé mì,
Abẹ́rẹ́