Ọrun Òkèèrè Tó Yíjú Sẹ́yìn

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní kíkí ọmọ tó jìnnà tí ọkàn baba rẹ̀ kò jìnnà sí i. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gùn lójoojúmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí bá orúnkún rẹ jà? Kí Ẹlẹ́dàá má ṣe jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí kí o tó gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìyá rẹ ṣe àmín láti ẹ̀yìn mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sókè lòun ṣe é.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wà ní kíláàsì kìíní nílé-ìwé àgbà. Olùkọ́ wa kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, bírò pupa ló sì máa ń fi kọ “ó dára díẹ̀” sí abẹ́ iṣẹ́ mi. Díẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó, nítorí mo ti nu ibòmíràn títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ilé dára. Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n bí méjì, akọ kan, abo kan. Káfíńtà ti wá kan òrùlé ẹ̀yìn, òrùlé náà ti wá mọ bí a ṣe ń dákẹ́ bí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó gan-an rèé, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o kà á dé òpin kí o tó bínú. Owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi ra oògùn ìfipara fún èjìká mi, ọrun ni mo fi rà.

Jọ̀wọ́, má tíì ká ìwé náà.

O mọ̀ pé láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń gbẹ́ ọrun fún ẹgbẹ́ tafàtafà wa. O mọ pápá wa lẹ́yìn ilé-ìwé, pé kálukú ló ní èèkàn tirẹ̀ tó máa ń dúró tì ta ọfà, àti pé tèmi ni àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún. O sì mọ òfin wa: ẹni tí ọfà rẹ̀ kò bá kan ìdì koríko tí a ya àmì sí fún ọdún kan gbáko, a ó fa èèkàn rẹ̀ tu, a ó lọ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì àwọn òǹwòran. Èmi gan-an ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀ nígbà tí apá mi le. Ẹni tí apá rẹ̀ le kì í rò ó pé òfin mọ ọ̀nà ilé òun.

Láti ìgbà tí mo ti jábọ́ lórí àkàbà, ọrun tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ń kọ̀ mí. Bí mo bá fà á dé ìdajì, èjìká mi á ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó di ọdún kan ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo Sátidé ni mo ń jókòó lórí bẹ́ńṣì, tí mo ń bá wọn ṣa ọfà, tí wọ́n ń kí mi ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ mi, bí àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí kí ọ ju bó ti yẹ lọ, mọ̀ pé èèkàn rẹ ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Tèmi, ọsán kò já, ọrun kò ṣẹ́, ẹni tó ni ọrun ló di ọ̀pá.

Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ ọ̀nà wa, ẹni tí à ń pè ní Má-tàsé nítorí pé kò sí Sátidé tí kì í tàsé, òun ló wá jókòó tì mí. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń ṣe ọrun ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ti alágbára lọ́tọ̀, ti ẹni tí apá ń dùn lọ́tọ̀, pé ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì ká padà bí ètè ẹni tó fẹ́ súfèé, pé kíká yẹn ló ń fi kún agbára ẹni. Ó ní owó rẹ̀ kò sì pọ̀, pé kò tó ti ewúrẹ́ kan. Mo ní ewúrẹ́ wo? Ó ní èyíkéyìí. Mo bi í pé ṣé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń tà níye yẹn.

Ó wá fi ọrun náà hàn mí nínú fóònù. Háà, ọmọ mi. Igi pupa, igi dúdú, igi funfun, a lẹ̀ wọ́n pọ̀ tínrín-tínrín bí ojú ìwé. Mo ti ń gbẹ́ ọrun láti ogójì ọdún, n kò mọ̀ pé igi lè gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Má-tàsé fi ìka méjì lé ojú fóònù, ó fa ọrun náà gbọọrọ. Mo yára di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó má fà á mọ́, ká má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ ká tó sanwó.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, ó béèrè ọwọ́ tí mo ń lò, bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún ọkọ. Ó ní kí n na apá méjèèjì kí wọ́n wọ̀n mí. Ìyá rẹ mú tépù télọ̀, ó fi mí ti ògiri bí aṣọ tí a sá, ó wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó ní mo ń fẹ ara. Ibi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà ilé, mo ní kí Má-tàsé kọ ọ́ pé ilé tí igi méjì wà níwájú rẹ̀, bí ẹ bá rí ajá tó ń sùn, ẹ ti dé. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀mù béèrè ìwọ̀n agbára tí apá mi lè fà. Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń purọ́ nípa apá mi, fún ìyá rẹ, fún dókítà, fún ìwọ pàápàá. Ṣùgbọ́n mo wo fóònù náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, kò yẹjú, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Owó wá kù. Mo kó o fún Má-tàsé, ó mú káàdì báńkì rẹ̀ jáde. Ó ní nọ́ńbà mẹ́ta kan wà lẹ́yìn káàdì tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì sọ ọ́ fún fóònù lójú mi báyìí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n má jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti dáhùn láti òkè òkun, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n dárúkọ mi. Má-tàsé ní òru ni lọ́dọ̀ wọn lásìkò yẹn. Mo ń ronú kan ẹni tó jókòó sójú òru nítorí tèmi. Bí o bá mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó máa sùn.

Wọ́n fún ọrun náà ní nọ́ńbà mẹ́tàlá, wọ́n ní nọ́ńbà yẹn la ó fi máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lónìí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, lọ́la ó sinmi nínú ilé ńlá kan, lọ́tùn-ún ó wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ìyá rẹ há nọ́ńbà náà sórí, ó sì ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà àárọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo gbọ́ tó pe mẹ́fà níbi tí mẹ́sàn-án wà. Ẹ̀rù bà mí. Ẹrù ẹlòmíràn ti gba àdúrà ọjọ́ mẹ́ta, bóyá òun ló fi jẹ́ pé tiwa pẹ́ lọ́wọ́ aṣọ́bodè.

Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọdún mi ku ọjọ́ méjì. A ṣí páálí, ó wà ní ọ̀nà mẹ́ta. Ìyá rẹ bú sẹ́kún pé ó ti ṣẹ́. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e sún mọ́ ojú ni mo rí ihò, mo rí nọ́ọ̀tì, mo rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ọrun lè tú ara rẹ̀ palẹ̀ bí arìnrìn-àjò, kó sì tún ara rẹ̀ tò níbi tó bá dé.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Gbogbo ọrun tí mo gbẹ́ rí, ibi tó tẹ̀ sí ni à ń tẹ̀ ẹ́ sí, ibẹ̀ náà la ń so ọsán sí. Mo wo ṣóńṣó méjèèjì tó ká lọ síwájú, mo ní kíká tí Má-tàsé wí rèé. Mo so ọsán mọ́ ọn bó ṣe tẹ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn púpọ̀. Mo ní ẹ ò rí i, ọrun aláìsàn.

Sátidé dé. Gbogbo ẹgbẹ́ pé. Òfin ní ọfà mẹ́ta ni. Mo dúró ti èèkàn mi, mo fa àkọ́kọ́, mo tú u sílẹ̀, ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Èkejì rìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bú àwọn ará òkè òkun. Mo ní ọjà pọ́ọ́kú ni wọ́n tà fún mi, mo ní kí Má-tàsé kọ̀wé sí wọn kíákíá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti rọra lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn mi, ó ń wo ilẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Nígbà náà ni ìyá rẹ dìde lórí bẹ́ńṣì òǹwòran. Ìyá rẹ tí kò mọ̀wé, tí kò fọwọ́ kan ọrun rí. Páálí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ní ó lágbára, òun ó máa kó aṣọ sí i. Ó gbé e wá síwájú mi, ó fi ìka lé ọkùnrin tí wọ́n yà sára rẹ̀, ó ní, “Baba Àbíkẹ́yìn, ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ẹ̀yìn tiyín ni iwájú tiẹ̀.”

Mo wò ó. Mo wo ọrun ọwọ́ mi. Ogójì ọdún nídìí iṣẹ́, mo so ọrun sódì lójú gbogbo ẹgbẹ́, ìyàwó mi ló sì rí i. Mo tú ọsán, mo yí ọrun padà. Ó ṣòro láti so báyìí, Má-tàsé ló bá mi fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Mo yẹ ẹ wò látòkè délẹ̀, kò là, kò gé. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní kó dárí jì mí fún èébú tí mo bú àwọn èèyàn rẹ̀.

Mo fa ẹ̀kẹta. Àbíkẹ́yìn, n kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ le díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀, bí ilẹ̀kùn ilé ẹni tó mọ ọwọ́ ẹni. Mo ń retí kí èjìká mi ké, kò ké. Mo fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tí n kò fà á dé láti ọdún kan. Mo tú u sílẹ̀. N kò gbọ́ ariwo kankan, àfi ohùn kan ṣoṣo bí ìgbà tí a gbá ìrọ̀rí lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ ìdì koríko ló bà, ó jìnnà sí àmì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n inú koríko ló wà. Akọ̀wé lọ wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìdí èèkàn mi kó le dáadáa, ó sì lọ sí àyè tirẹ̀.

Èjìká mi kò dùn mí láti ọjọ́ náà, nítorí náà oògùn náà ni mo rà, ọ̀nà tó gbà wá ló yàtọ̀.

Ìyókù ni pé kí o bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọfà mẹ́fà, nítorí àwọn ọfà tí mo gbẹ́ wúwo jù fún àlejò yìí. Ìyá rẹ náà fẹ́ ọrun, èyí tó fúyẹ́ jù. Láti Sátidé ló ti ń lọ sẹ́yìn ilé, tó ń fa òfìfo, tó ń fojú sun ewúrẹ́. Ó ti ní kí Má-tàsé kọ ọjọ́ orí òun sí fọ́ọ̀mù, jọ̀wọ́, má bá a jiyàn, ó ní ọdún méjìdínlógójì ni. Èmi náà ti ń fi ooru omi gbígbóná tẹ etí igi kan nínú ìsọ̀ mi, bóyá kí n tó kú n ó lè mú igi tiwa náà ká padà. Mẹ́ta ti là. Mo ń gbìyànjú ẹ̀kẹrin.

Ó ku ohun kan tó ń dààmú mi. Àwọn tó ta ọrun ní kí n fún un ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Mo bi Má-tàsé pé ta ni mí tí n ó máa pín ìràwọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ mi ni. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Mo fún ọrun náà ní mẹ́rin, nítorí kò sọ ibi tí ojú rẹ̀ wà fún mi. Ìkarùn-ún, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ ìyá rẹ.

Kí ọsán ayé rẹ má ṣe já. Ohun tí o bá fojú sùn, kí ọwọ́ rẹ bà á. Bí o bá sì di ohun kan mú sódì láyé, kí Ọlọ́run fi ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ tí yóò wo àwòrán ara páálí.

Èmi ni baba rẹ, ọmọ kíláàsì kìíní, ẹni tí èèkàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.