Apẹ̀rẹ̀ Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹnu

Sinazongwe, ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Mweemba,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwakùsà. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Bàbá ti ń san, àgbàdo ti wọlé. Ìyá àgbà ń kí yín.

Iléèwé ní kí n dúró máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Bàbá ní eré ọmọdé ni, kí n lọ bá àǹtí wa tajà ní Choma. Lánàá mo gbé kọ̀ǹpútà wálé. Mo kọ àṣẹ sí i pé kó ya apẹ̀rẹ̀ tá a máa ń hun nílé wa, láti ẹnu wá sí ìdí, àmọ́ àwòrán náà kàn ń wọ́ ṣáá ni. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí, ta ló ń hun apẹ̀rẹ̀ láti ẹnu? Ìdí onígun mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀!" Mo tún un ṣe láti ìdí, ó sì gún régé. Ìyá àgbà ní, "Kọ̀ǹpútà yìí gbọ́ràn jù ọ́ lọ." Bàbá ní kí n tún un yà kí àwọn rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Bàbá, kí wọ́n jẹ́ kí n dúró, kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí iléèwé ń retí èsì mi. Àpò tí mo fẹ́ gbé lọ sí Choma ti kún, ṣùgbọ́n n kò tíì so ẹnu rẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa mú yín jáde nínú ihò láyọ̀.

Àbúrò yín,
Lweendo