Alàgbà Ephraim Ọlábímtán (1958–2025) àti Krẹsídà Tí Kò Fọ́nnu

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1958, ni a bí bàbá wa, Alàgbà Ephraim Ọlábímtán, nínú ilé oníyàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, sí ìdílé Josiah àti Dọ́káàsì Ọlábímtán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá wọn ń ka ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi bá kó wá sí Àpápá. Ìyá wọn ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ kẹrin ni wọ́n. Ìyá wọn a máa sọ pé àwọn nìkan ni kò ké lọ́jọ́ ìsàmì.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà, kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1979 ni wọ́n rí iṣẹ́ sí èbúté Àpápá, níbi tí wọ́n ti tún fọ́kílíìtì àti kíréènì ṣe fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1986, wọ́n gbé Níyìọlá, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, níyàwó. Olúwa fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ: Ṣayọ̀ àti Tẹjúmọ́lá.

Nínú ìjọ, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fúnra wọn ni jẹnẹrétọ̀. Kí aago tó lù láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á ti tú u wò. Nípàdé àwọn alàgbà, wọn kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí a bá bi wọ́n. Tí a bá sì bi wọ́n, gbólóhùn kan ni.

Ní ọdún 2006 ni wọ́n ra Krẹsídà, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń fẹ̀yìntì. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú tí òjò pa. Ìyá wa wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo ọkọ wọn.

“Dádì Ṣayọ̀, ṣé ẹ rà á ni, àbí wọ́n ní kí ẹ bá wọn dà á nù?”

Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ Nnaemeka, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, ni wọ́n ń wà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣe bíréèkì nìkan.

“Bàbá,” ni Nnaemeka wí, “ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì sí i ná, kó lè máa sáré.”

“Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.”

Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà wọlé, pẹ̀lú tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà jíà, rádíétọ̀ àti sípíríǹgì. Gbogbo rẹ̀, inú ló wà. Wọn kò fọwọ́ kan òde: kò sí ìdérí lára rímù, ẹnu sáléńsà kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì tẹ̀ wọnú níbi tí kẹ̀kẹ́ ti kọlù ú. Adùn rẹ̀ fún wọn nìyẹn: kí ọkọ̀ tó lè fi jíìpù tuntun sílẹ̀ sẹ́yìn máa rí bí èyí tí kò ní dé Mile 2. Nínú ilé, a kò mọ̀. Irin ìdọ̀tí tí bàbá wa fẹ́ràn ni a pè é.

Ṣayọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ gbé e débẹ̀, mẹ́gáàdì sì na ọwọ́ sókè: “Kábúkábú, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ já èrò sí!” Bàbá kí i, wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ṣayọ̀ kò gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí ọgọ́ta ọdún wọn kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí wọ́n sì lọ sí àpéjọ àwọn alàgbà fún ọjọ́ mẹ́rin, Ṣayọ̀ àti Tẹjúmọ́lá, àbúrò rẹ̀, gbé Krẹsídà lọ fún akunkọ̀. Wọ́n kùn ún ní pupa, ó ń dán débi tí èèyàn lè fi ya irun nínú rẹ̀. Wọ́n gbé rímù tuntun sí i, wọ́n na ibi tó tẹ̀, wọ́n sì lẹ ìyẹ́ kan bíi ti ọkọ̀ eré-ìje mọ́ ẹ̀yìn bùùtù.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ pa ibi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò bá a níbẹ̀ mọ́.

“Ẹ kú ìnáwó,” ni wọ́n sọ. “Olúwa á bù ú fún yín.” Wọ́n sì gbàdúrà fún wa.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, bàbá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Coconut, wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín àwọn tírélà, kí oòrùn àti eruku lè pa á dà. Ṣayọ̀ kọjá níbẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó rí ẹ̀bùn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan bò. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó dẹ́kun wíwá sílé lọ́jọ́ Ìsinmi, oṣù mẹ́jọ sì kọjá bẹ́ẹ̀.

“Dádì Ṣayọ̀,” ni ìyá wa wí, “ọmọ yín ò wálé mọ́ o. Ẹ ò sì lè fi sípánà tún ìyẹn ṣe.”

Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Wharf Road lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì títí ọmọ wọn fi jáde. “Bá mi lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́la,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Kí wọ́n tó gbéra, bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Krẹsídà, tí ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ṣá. Ṣayọ̀ kò mọ orúkọ ohunkóhun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó mọ́ bí abọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Lójú títì, jíìpù kan ń fun fèrè lẹ́yìn wọn, awakọ̀ rẹ̀ sì yọrí: “Bàbá, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jàre! Ẹ lọ tà á fún onírin!”

“Ṣé bẹ́líìtì ẹ mú?” ni bàbá bi Ṣayọ̀.

Ohùn ọkọ̀ náà yí padà, ẹ̀yìn Ṣayọ̀ lẹ̀ mọ́ àga. Nígbà tí yóò fi bojú wẹ̀yìn, jíìpù náà ti kéré bí kòkòrò. Bàbá wá rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n dúró dè é, wọ́n sì juwọ́ sí i nígbà tó ń kọjá.

“Dádì! Ẹ̀yin!” Ṣayọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, omi náà kò dá mọ́. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo rò pé ẹ kórìíra ohun tí mo ṣe ni.”

“Inú ẹ ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.” Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. “Àwọn ará títì ni mo fẹ́ fi í pamọ́ fún, kì í ṣe ìwọ. Mo jẹ̀bi. Má bínú.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ṣayọ̀ mú bébà oníyanrin, ó ń ha ọ̀dà pupa náà kúrò. Nígbà tó dé ilẹ̀kùn awakọ̀, bàbá dá a dúró. “Fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo fẹ́ máa rí i tí mo bá ń wọlé.” Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ sí Coconut. Nígbà tí àìsàn dé ní ọdún 2023, Ṣayọ̀ ló ń fi í gbé wọ́n lọ sílé ìwòsàn.

Alàgbà Ephraim Ọlábímtán sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n fi aya wọn, Níyìọlá, sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ wọn Ṣayọ̀ àti Tẹjúmọ́lá, ìyàwó ọmọ wọn Amaka, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ṣayọ̀ ni yóò fi Krẹsídà gbé ìyá wa tẹ̀lé pósí lónìí. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé òun ò ní sáré.

Ẹ sinmi jẹ́ẹ́ ní àyà Olúwa, Dádì Ṣayọ̀. Ọmọ yín ti mọ̀ yín.