Súfèé Yín Ti Wọ Fíìmù

Bàbá mi, atukọ̀ mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Iṣẹ́ náà gan-an ni mo sì fẹ́ ròyìn fún yín, nítorí ẹ lọ kí ẹ tó mọ ohun tí mò ń ṣe jẹun.

Ẹ rán mi lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjànìkìn. Mo gba ìwé ẹ̀rí lóòótọ́, àmọ́ gìtá ni mo gbé délé. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn máa ń bi àwọn èrò ọkọ̀ yín bóyá wọ́n mọ ilé ìwé kan tó ń wá olùkọ́ tí yóò máa fi orin pe orúkọ àwọn ọmọ. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí mi díẹ̀.

Mo ṣì ń kọ orin tèmi, táwọn èèyàn kéréje ń gbọ́ lórí fóònù wọn. Àmọ́ èyí tó ń bọ́ mi ni orin tí mò ń kọ fún fíìmù àti eré orí tẹlifíṣọ̀n. Olùdarí á fi apá kan eré ránṣẹ́ sí mi, láìsí orin kankan nínú rẹ̀. Màá wò ó títí màá fi mọ ibi tí òṣèré ti ń mí. Orin mi kò gbọdọ̀ bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí ojú wọn ti sọ tán. Èyí tó le jù níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ṣé ẹ rántí pé bí ẹ bá ti ń sún mọ́ èbúté, ẹ máa ń pa ẹ́ńjìnnì, kí omi fúnra rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ dé ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń parí orin. Mo máa ń dákẹ́ kí eré tó dé òpin.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa ń súfèé. Gbogbo atukọ̀ èbúté wa ló ní tirẹ̀, kí ará ilé lè mọ ẹni tó dé. Láìpẹ́ yìí, wọ́n fi fíìmù ńlá kan lé mi lọ́wọ́, àkọ́kọ́ tí gbogbo orin rẹ̀ jẹ́ tèmi. Ní ìparí rẹ̀, obìnrin kan jókòó lẹ́bàá omi, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ gbìyànjú, mo fi gìtá gbìyànjú, kò bá a mu. Ẹ̀yìn náà ni mo rí i pé ẹnu mi ti ń súfèé bíi tiyín. Mo gbà á sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ kí olùdarí wò ó. Ó wọ̀ ọ́ lára débi pé kò fẹ́ gbọ́ òmíràn mọ́.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, bí atukọ̀ kan bá súfèé lọ́ọ̀ọ́kán, Màmá á ti fèrèsé. Ṣé kí n wá jẹ́ kí tiyín bá wọn ní pálọ̀ láìròtẹ́lẹ̀? Mo pinnu pé bí ojú wọn bá yí padà, màá yọ ọ́, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo sì fẹ́ iṣẹ́ yẹn, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gbéra láti Aradágun tí mò ń gbé báyìí, mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n ń fọ́ àgbọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé jàn-ànràn jan-anran, wọ́n ní kí n yéé ro ẹjọ́, kí n gbé orin wá.

Mo tẹ fóònù. Súfèé gba gbogbo pálọ̀. Màmá dìde láìwo ojú mi, wọ́n gba ilé ìdáná lọ. Mo ti nawọ́ láti pa á nígbà tí mo gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìn ilé: kọ́n, kọ́n, kọ́n. Ṣíbí lórí ọmọrí ìkòkò.

Ní gbogbo ìgbà èwe mi, mo rò pé ariwo oúnjẹ lásán nìyẹn. Màmá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé èsì súfèé yín ni, pé ẹ máa ń dúró lórí omi títí ẹ ó fi gbọ́ ọ, kí ẹ tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé ó máa ń dé etí yín dáadáa? Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ wá láti orí omi ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ò sọ fún wa?

A sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá ní mò ń kánjú nínú súfèé náà, pé èémí tiyín gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jẹ́ kí n tún un sú títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo gba ìró ọmọrí náà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná níbẹ̀. Ọmọrí àtijọ́ tí etí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n ní tuntun ò mọ̀ yín.

Fíìmù náà ti jáde. Obìnrin yẹn ṣì jókòó, ọkọ̀ kankan ò tíì yọ. Súfèé dún, mo pa gìtá bí ẹ ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì, ọmọrí wá dáhùn. Orúkọ Màmá wà ní ìparí, lábẹ́ tèmi. Wọn kì í ti fèrèsé mọ́ nírọ̀lẹ́.

Àárò yín ń sọ mí, Bàbá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì wà lórí omi níbìkan tí ẹ ń dúró, Màmá ti dá yín lóhùn. Ẹ so ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbé gìtá bọ̀ láti Ìjànìkìn.