Wọ́n Kọ Mí Ní Opó Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, nítorí inú ayọ̀ ni èmi wà, àfi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún. Mo ti lọ́kọ o, káfíńtà ìlú òdìkejì afárá náà ni. O kò wá, o kò sì tíì fèsì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ròyìn fún ọ.

Afárá kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú tiwọn àti tiwa, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Títì wọn tọ́ tààrà, wọn kì í ná ọjà, iye tí wọ́n bá kọ sí i lára lo máa san. Níbí, bí mo bá húkọ́, aládùúgbò mẹ́ta á kí mi pẹ̀lẹ́ láti ojú fèrèsé. Lọ́hùn-ún, mo kí obìnrin kan káàárọ̀, ó ní ṣé mo mọ òun rí ni. Ṣùgbọ́n yàrá ọkọ mi ní fèrèsé méjì, òórùn pákó tuntun ló gba ibẹ̀ kan, ó sì ti kan bẹ́ẹ̀dì fún mi.

Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Mo dúró láàárín afárá, fóònù mi yí aago ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n so wá pọ̀ lọ́hùn-ún. Mo sáré padà síbí taṣọ ìgbéyàwó taṣọ ìgbéyàwó láti gba fọ́ọ̀mù ìkólọ tí màá fi kó ẹrù mi lọ bá ọkọ mi, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo bá ní ọ́fíìsì wa, ìyẹn ni pé níbí, wọn kò tíì so wá pọ̀. Akọ̀wé bi mí bóyá mo lọ́kọ. Èmi kì í purọ́ fún ìjọba. Mo ní, "Ó ku ogójì ìṣẹ́jú." Ó wò mí títí, ó bi mí ta ló fẹ́ mi tẹ́lẹ̀, mo ní bàbá rẹ tó ti dolóògbé ni. Ló bá kọ opó, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Ìwé tọ̀hún ní ìyàwó ni mí, ìwé tibí ní opó ni mí, àwọn aṣọ́bodè kò sì jẹ́ kí n kó ẹrù kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọkọ mi ń sùn lọ́hùn-ún, tí èmi ń sùn níbí. Ó ní òun ni òkú àkọ́kọ́ tó ń fá pákó.

Akọ̀wé ní àfi kí ọmọ mi tó ti dàgbà wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà níwájú òun, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé òun mọ ọkọ ìyá òun. Ìwọ nìkan ni mo bí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá síbi ìgbéyàwó. Fọ́tò bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ dì sínú ẹrù, káfíńtà ló sì kan férémù tuntun fún un.

Jọ̀ọ́, mú owó fọ́tò mẹ́rin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù dání. Gbogbo ìwé èsì ìdánwò rẹ ni mo fọwọ́ sí nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́, títí kan èyí tí o ti gba ipò ogójì nínú ọmọ méjìlélógójì, mo fọwọ́ sí i, mo sì bu oúnjẹ fún ọ. Wá fọwọ́ sí tèmi.

Ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó káfíńtà.