Ẹ̀wà Dúdú Tí Ẹ Ń Sè Nílé Ọ̀gbẹ́ni Baldev

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹnu ṣì ń yà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ kọ́ oúnjẹ sísè? Ẹ̀yin Dádì mi, tí ẹ kì í gbé àwo tí ẹ fi jẹun dé kíṣìnì! Ẹ̀yin tí òùngbẹ á gbẹ, tí ẹ ó máa húkọ́ ní pálọ̀ títí Mọ́mì á fi sáré bu omi wá!

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Baldev, baba ará Íńdíà tó múlé ti yín ní Glyndon nílùú òyìnbó níbí, gbé abọ́ kan wá. Ẹ̀wà dúdú róbóróbó ló wà nínú ẹ̀, ó gbẹ táútáú, ata sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mọ́mì rò pé ẹ̀wà tó jóná ni, wọ́n rọra gbé e sápá kan. Èmi tọ́ ọ wò. Ó dùn débi pé mo ní kí baba náà kọ́ mi.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀wà ti sùn nínú omi mọ́jú, ó sì ti rọ̀ nínú ìkòkò tó máa ń súfèé yẹn. Wọ́n da hóró èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kúmínì sínú òróró gbígbóná. Nígbà tó ń ta, wọ́n da atalẹ̀, atalẹ̀ pupa àti ata gígún lé e, kí ẹ̀wà tó wọlé. Wọ́n ń rò ó, ó ń gbẹ sí i. Ní tèmi, ẹ̀wà wo ni kì í lómi? Mo bá bu omi sí ife, mo fẹ́ dà á sí i.

“Ó tó! Omi ti tó jàre!” ni baba náà pariwo.

Yorùbá ni wọ́n sọ, Dádì! Bí ẹ ṣe máa ń fà á gan-an! Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Your daddy,” baba náà ń rẹ́rìn-ín. “Every Saturday he cook here. Very bossy man.”

Gbogbo Sátidé tí Mọ́mì bá lọ tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ìdí iná ibẹ̀ lẹ wà. Wọ́n tiẹ̀ fi ṣíbí igi yín hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí inú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mọ́mì á tibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, wọ́n á tún wọ kíṣìnì lọ dáná alẹ́ yín. Ẹ ti yó o! Báwo lẹ ṣe ń jókòó wò wọ́n?

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà sílé mi ní Thamesmead, mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ tàbí kí n gbé e mì. Mọ́mì ṣì ń ṣe opó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bínú sí ẹni tí kò lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ra ẹ̀wà náà ní Plumstead, mo sè é ní kíṣìnì Mọ́mì, mo bá sọ gbogbo ẹ̀.

Mọ́mì jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá bi mí.

“Bàbá yín ló ń sè é? Fúnra wọn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń retí kí wọ́n pariwo.

“Ì bá jẹ́ pé wọ́n sè é fún mi lẹ́ẹ̀kan péré,” ni Mọ́mì wí. “Mi ò ní bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ.”

Wọ́n bá bú sẹ́kún, ẹkún tí wọn ò tíì sun látìgbà tí a ti sin yín. Ṣé ojú ló ń tì yín ni, Dádì? Lójú Mọ́mì? Mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ wà níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tínú ṣì ń bí sí yín díẹ̀.